Bí Ìlà Bá Ti Tú, Rìn Yí Àgọ́ Ká

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí o ti wà ní ibùdó ìrànwọ́ náà, pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, pé ariwo kì í jẹ́ kí o sùn, àti pé o kò tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ò ń ṣe ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, kí a tó bí ọ.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n fi sọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ìlà á ti gùn. Màá béèrè orúkọ, màá béèrè iye ènìyàn tó wà nínú ìdílé, màá wo káàdì, wọ́n á lọ gba oúnjẹ. Ọwọ́ mi yá, inú mi sì ń dùn sí yíyá ọwọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nawọ́ káàdì méjì sí mi. Mo ní káàdì kan ṣoṣo ni ẹnì kan lè mú wá. Kò bá mi jiyàn. Ó ká èkejì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ pé ti ìyá àgbà rẹ̀ ni káàdì yẹn, pé ẹsẹ̀ wọn wú, wọn ò lè dìde. Mo sáré lọ. Mo bá ìyá náà lórí ẹní, òjò ti wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan kúbùsù wọn, ike omi wọn ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé mi, mo ti fa ìlà sí i pé gbogbo ẹni tó wà ní ẹsẹẹsẹ àgọ́ yẹn ló ti gba oúnjẹ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, “O kú iṣẹ́, ọmọ mi.” Títí dòní ni ìkíni yẹn ṣì ń dun mí.

Nítorí náà, bí ìlà bá ti tú, má lọ jókòó. Rìn yí àgọ́ ká. Aláìsàn kì í tò sí ìlà. Afọ́jú kì í fẹ́ wọ àárín èrò tó ń ti ara wọn. Ẹni tó bímọ lánàá, ọmọ tí kò ní àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tí ojú ń tì láti tọrọ, inú àgọ́ ni wàá ti bá wọn. Má dúró lókè kí o máa pè wọlé. Kí wọn, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o béèrè ẹni tó ń sùn sí igun ibi tí o kò rí.

Wàá gbọ́ nípa Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkójọ ní 1997. Ó ní, ó kéré tán, kí ẹnì kan rí omi lítà 15 lójúmọ́, kí ibi omi má jìnnà ju mítà 500 lọ sí ibi tí ènìyàn ń gbé, kí ènìyàn 20 máa lo ṣáláńgá kan. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n fún ìyá tí ẹsẹ̀ wọn wú yẹn, ìrìn àjò ni mítà 500. Béèrè ẹni tó ń bá wọn pọnmi. Lọ wo ọ̀nà ṣáláńgá fúnra rẹ lálẹ́, wò ó bóyá iná wà níbẹ̀, bóyá ilẹ̀kùn ṣeé tì láti inú. Bí kò bá sí, àwọn obìnrin kò ní lọ, wọn ò sì ní sọ fún ọ.

Bí o bá bá ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ojú rẹ̀ ti jìn, tó ń sunkún tí omi kò jáde lójú rẹ̀, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera lójú ẹsẹ̀. Bí àpò oògùn omi-ara (ORS), èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, bá tán, lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí kò ga lẹ́nu, àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹ pò pọ̀, ni kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi débẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò ní tún sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ẹ̀ ń pín kì í ṣe tiyín. Bí òṣìṣẹ́ kankan bá ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ obìnrin tàbí ọmọdé kó tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn, má dákẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀gá rẹ.

Kí o sì sùn. Bí wọ́n bá fún ọ ní ọjọ́ ìsinmi, gbà á.

Ọmọbìnrin yẹn, èmi ni mo padà wá a lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì béèrè bóyá ó mọ ẹlòmíràn tí kò lè dìde. Ó ka àgọ́ mẹ́ta fún mi, láìronú. Nínú lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀, má sọ iye àpò tí ẹ pín fún mi. Ẹni tí o bá nínú àgọ́ ni kí o sọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.