Sí Ọ̀rẹ́ Mi, Lórí Ohun Tí A Ń Wá Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ. Àlàáfíà ni mo wà, mo sì nírètí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ tìrẹ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo kà á, mo sì tún un kà, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi ìkánjú dáhùn. O ní iṣẹ́ ìṣírò owó oṣù tí ò ń ṣe kò wù ọ́ mọ́. O ní bí ènìyàn bá ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò nítumọ̀, a jẹ́ pé ayé onítọ̀hún pàápàá kò nítumọ̀ nìyẹn. O sì fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí o lọ bá ẹgbẹ́ aláàánú kan tí owó wọn kò tó ìdajì èyí tí ò ń gbà nísinsìnyí, nítorí o gbà pé ibẹ̀ ni ìtumọ̀ wà. Mo fara balẹ̀ rò ó, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún ọ láìfi ọ̀kan pa mọ́. N kò sọ pé kí o má lọ. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ẹrù tí o ti fẹ́ gbé ka iṣẹ́ tuntun náà lórí kí o tó débẹ̀ rárá.

Ìwọ náà mọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ìwé pélébé tí wọ́n máa ń ká sínú páálí oògùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nù kí wọ́n tó ṣí ìgò, ni mo máa ń kà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, n óò ka iye oògùn tí wọ́n ní kí ọmọdé lò, n óò wo èyí tí oníṣègùn fọwọ́ sí, n óò tún padà wo èyí tí ó wà lórí ìwé, nítorí pé àmì kékeré kan péré ló wà láàárín 0.5 àti 5. Bí àmì náà bá bọ́, ìlọ́po mẹ́wàá oògùn ni ọmọ náà yóò gbé mì. Iṣẹ́ náà kì í dùn lójoojúmọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí ojú yóò ro mí, tí ọkàn mi yóò sì sá lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo jókòó tì í tí n kò mọ ẹni tí mo ń ṣe é fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè fojú kanra láéláé: òbí kan tí ó di ṣíbí oògùn mú lóru, tí ó ń ka ìlà kan ṣoṣo yẹn, tí ó sì gbà pé òótọ́ ni ohun tí a kọ síbẹ̀. Ìyẹn tó mi láti ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́. Kò tó mi láti fi ṣe ayé, n kò sì retí kí ó tó.

Kí o má baà rò pé mo ń fojú kéré iṣẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Marienthal fún ọ, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ni ó ń bọ́ gbogbo abúlé náà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1929 sí 1930, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará abúlé náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1933. Ènìyàn ìbá rò pé ẹni tí kò níṣẹ́ yóò kúkú ráyè kàwé, pàápàá nígbà tí ilé ìkàwé ibẹ̀ ti dẹ́kun gbígba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ yá ìwé. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: iye ìwé tí wọ́n ń yá fi nǹkan bí ìdajì dín kù láàárín ọdún 1929 sí 1931. Àwọn olùwádìí náà fara pamọ́, wọ́n sì ń fi aago wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń rìn ní títì. Àwọn ọkùnrin ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà léraléra. Bí àwọn olùwádìí bá sì ní kí àwọn ọkùnrin náà kọ ohun tí wọ́n ṣe láti àárọ̀ sílẹ̀, ìwọ̀nba ni wọ́n ń rí kọ, nítorí pé wákàtí ń gba ara wọn kọjá láìfi ohun kankan sílẹ̀.

Èyí tí ó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìtàn náà ni ti àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ kan náà rí, owó sì ti dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ tiwọn náà, ṣùgbọ́n ìrìn wọn yá ju ti ọkùnrin lọ. Ọjọ́ tiwọn ṣì ní àárọ̀, ó ní ọ̀sán, ó sì ní alẹ́, nítorí pé ọmọ ń retí oúnjẹ, aṣọ tó ya sì ń retí abẹ́rẹ́. Kò sí owó nínú iṣẹ́ yẹn, kò sí oyè níbẹ̀, síbẹ̀ òun ni kò jẹ́ kí ọjọ́ wọn fọ́n ká. (N kò fi èyí sọ pé iṣẹ́ ilé sàn ju iṣẹ́ oṣù lọ; bí a bá dì í lé obìnrin nìkan lórí, ìyà tirẹ̀ kì í ṣe kékeré.) Ohun tí èmi rí fà yọ níbẹ̀ ni pé àwọn ọkùnrin yẹn pàdánù ohun kan yàtọ̀ sí owó: wọ́n pàdánù ẹni tí ń retí wọn. Iṣẹ́ oṣù máa ń fún wa ní àkókò tí a óò jí, ojú tí a óò rí, àti ẹni tí yóò béèrè wa bí a kò bá dé. Nǹkan ńlá ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò bá pàdánù rẹ̀ rí kì í mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ nìkan ni yóò fún wa.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ṣeé fẹ́ràn. Ní ọdún 1776, Adam Smith, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Scotland, ṣàlàyé bí ènìyàn mẹ́wàá ṣe lè ṣe píìnì tí ó ju 48,000 lọ lóòjọ́, nítorí pé ẹnì kan ń fa wáyà, òmíràn ń tọ́ ọ, òmíràn ń gé e, òmíràn ń pọ́n ẹnu rẹ̀. Smith kan náà ni ó kọ ọ́ síbòmíràn pé ẹni tí ó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ìwọ̀nba nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ráyè lo làákàyè rẹ̀ mọ́, ọpọlọ rẹ̀ a sì kú tipiri. Bí a bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó wá ìtumọ̀ ayé rẹ̀ nídìí píìnì, ẹ̀bi la fi kún ìyà rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn kí o tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyí. Ní ọdún 2009, olùwádìí méjì, Stuart Bunderson àti Jeffery Thompson, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ń tọ́jú ẹranko ní ọgbà ẹranko ní àríwá Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń gbá ìgbẹ́ ẹranko, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló kàwé gboyè, síbẹ̀ owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé a dá iṣẹ́ náà mọ́ wọn ni. Ìwádìí náà fi hàn pé ẹni tí ó bá rí i bẹ́ẹ̀ máa ń rí ìtumọ̀ àti iyì nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn kan náà ni ó máa ń yọ̀ǹda owó rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti ìrọ̀rùn ara rẹ̀, òun náà ni àwọn ọ̀gá sì lè tètè rẹ́ jẹ. Nígbà tí mo kà á, ìwọ ni ó wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé mo mọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sọ fún ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé àwọn aláìní ń dúró dè ọ́, o kò ní rántí béèrè owó àfikún, o kò sì ní rántí pé o ní ilé. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ń fi ìtumọ̀ fa òṣìṣẹ́ mọ́ra gbọ́dọ̀ san owó tí ó yẹ fún un pẹ̀lú. Bí ó bá fi ọ̀kan dípò èkejì, ìrẹ́jẹ ni, bó ti wù kí èròǹgbà wọn dára tó.

Àṣejù iṣẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àárẹ̀ lásán. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kéde pé ní ọdún 2016 nìkan, nǹkan bí ènìyàn 745,000 ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pa nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ rí.

Ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè rẹ ni pé ó yẹ kí iṣẹ́ nítumọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí ń gbani síṣẹ́ ṣètò rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ lè rí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ iṣẹ́ di ibi kan ṣoṣo tí a ti ń retí ìtumọ̀. Ọmọdé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, arúgbó ti ṣe tirẹ̀ tán, aláìsàn wà lórí ibùsùn. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni ó ń mú kí ayé ènìyàn nítumọ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa ayé tiwọn? N kò lè gba èrò bẹ́ẹ̀ láéláé, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà kò jẹ́ sọ ọ́ lójú ẹni tí ara kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́.

Tún wo iṣẹ́ tí ò ń sá fún yìí pàápàá. Ìwọ lo kọ̀wé sí mi nígbà kan pé o kọ̀ láti pa ìwé oṣù dé, nítorí pé wákàtí iṣẹ́ ọlọ́dẹ alẹ́ kan kò pé, o sì wá a títí o fi rí i pé ojú ìwé ẹ̀ka mìíràn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Inú rẹ dùn nígbà yẹn, ó hàn nínú lẹ́tà náà. Iṣẹ́ náà kò yí padà. Ohun tí ó yí padà, lójú tèmi, ni pé wọ́n ti gbé ọ kúrò níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń wá bá ọ lójú fèrèsé, ó wá ku nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà. O kò rí ẹni tí ò ń ṣe é fún mọ́. Bí ẹgbẹ́ aláàánú yẹn bá tún gbé ọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, ohun kan náà ni yóò tún bá ọ níbẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ sí ìwé wọn, bi wọ́n léèrè iye wákàtí tí wọ́n ń ṣe lóòótọ́, ẹni tí wàá máa rí lójoojúmọ́, àti ìdí tí ẹni tí ó wà ní ipò náà tẹ́lẹ̀ fi lọ.

Nǹkan kan tún kù. O mẹ́nu ba àwọn àgbàlagbà tí ò ń kọ́ ní ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́, ìlà kan ṣoṣo ni o sì fi sọ ọ́, o kọjá lọ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Nínú lẹ́tà tí ń bọ̀, jọ̀wọ́, sọ ibi tí wọ́n kà dé fún mi, kí o sì sọ èwo nínú wọn ni ó kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.