Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀bù: iṣẹ́ ò tán, ibòmíì ló ṣí lọ

Òkun o, ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti rìwáyà láti Kàbbà títí dé Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ogójì nínú ẹ̀ ni mo fi sùn sábẹ́ ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù wá bá mi, ó ní bàbá, iṣẹ́ ti tán, látìgbà tí epo ti wọ́n ní 2023 àwọn èèyàn ò gbé mọ́tò jáde mọ́, òun fẹ́ ta tuùsì òun kóun lọ máa gun ọ̀kadà ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn, òun ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí sí gbogbo yín.

Iṣẹ́ ò tán o. Ẹ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Kàbbà sí Obajana kẹ́ ẹ ka tirela tó ń kó sìmẹ́ǹtì kọjá. Dísù ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, afẹ́fẹ́ ni bíréèkì wọn ń lò, tí nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì bá sì bàjẹ́ lára wọn, ẹni tó mọ káńbúrétọ̀ nìkan ò lè tún un ṣe. Mẹkáníìkì pọ̀ nílé wa, àmọ́ ẹ bi ara yín, ẹni mélòó lẹ mọ̀ tó lè tú pọ́ǹpù dísù tó máa tò ó padà kó má rú èéfín dúdú? Ibẹ̀ lowó wà. Katapílà àtàwọn ẹ̀rọ tó ń fi haidirọ́líìkì gbé nǹkan náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin rìwáyà, ọ̀nà tiyín tiẹ̀ là jù lójú mi. Sólà tí gbogbo ilé ń gbé sórí òrùlé yìí, ta ló yẹ kó máa so ó bí kò ṣe ẹni tó ti mọ iná bátìrì? Àmọ́ ẹ lọ kọ́ ọ dáadáa, torí bátìrì 48V kì í ṣe ẹgbẹ́ 12V ti mọ́tò, wáyà tó bá tín-ín-rín jù á gbóná títí táá fi jóná mọ́ ilé onílé, bíréékà tí wọ́n sì ṣe fún iná NEPA ò ṣeé fi dá iná sólà dúró. Ẹ kọ́ ìṣirò ẹ̀ pẹ̀lú. Bátìrì 48V tó jẹ́ 100Ah, nǹkan bíi 4.8 kílówáàtì-wákàtí ló wà nínú ẹ̀, ẹ má lọ ṣèlérí fún kọ́sítọ́mà pé á gbé fíríìjì, ẹ́sì àti áyọ́ọ̀nù di àárọ̀.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ bẹ̀rù skánà, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí mọ́tò ti ń dùn ún. Mọ́tò tí wọ́n bá ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 wá, ihò kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ 16, ibẹ̀ lẹ máa ki í bọ̀. Ká ní ó gbé kóòdù P0301 jáde, ó túmọ̀ sí pé sìlíńdà kìíní ń fo iná. Ọ̀pọ̀ yín á sáré ra plọ́ọ̀gì. Dúró ná! Ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó lè jẹ́ ínjẹ́tọ̀, ó lè jẹ́ fáàfù tó ti jóná. Ibi tó ń dùn ún ni skánà sọ, kò tíì sọ àìsàn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé etí àti ọwọ́ tí ọ̀gá yín kọ́ yín ṣì wúlò gan-an.

Ti gáàsì CNG tí wọ́n ń yí mọ́tò sí báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí lẹ fi ń ṣeré tẹ́ ò bá gba ẹ̀kọ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, sílíńdà yẹn ń gbé ìtẹ̀ bíi 200 bar, kì í ṣe gáàsì ìdáná o.

Mú ẹ̀ka kan. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Ní 1994 ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀nà pè mí, mo tún ẹ́ńjìnnì tó ti kú lọ́wọ́ wọn ṣe lójú ọ̀gá wọn, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, inú ẹ̀ dùn. Ó wá ní kí n mú ìwé wá. Mi ò ní. Wọ́n gba ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, torí òun ní ìwé trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, èmi ọ̀gá ẹ̀ padà sílé. Ó dùn mí títí dòní. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín. Trade test ti àwọn Labour, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, wà, láti Grade III lọ dé Grade I, ìdánwò NABTEB tó wà fún iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò náà wà, NSQ, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ tí àjọ NBTE ń bójú tó, sì wà, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lè ṣe é, ohun tó o lè fọwọ́ ẹ ṣe lójú wọn wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ tètè gbà á, torí àwọn kan á fẹ́ fi ojú tín-ín-rín wò yín.

Ọmọ tó fẹ́ ta tuùsì ẹ̀ yẹn, mo ti gba spánà lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò jẹ́ kó tà á. Láti Mọ́ńdè òun àtèmi á máa tú pọ́ǹpù dísù ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àyè ẹni méjì sí i ṣì wà, mi ò gba owó fọ́ọ̀mù, ẹ ṣáà mú obárọ́ọ̀lù àti ìwé tẹ́ ẹ máa fi kọ nǹkan sílẹ̀ dání.