Lẹ́tà sí Bàbá Margot

Ọ̀gbẹ́ni Otto Frank,

Bàbá Anne, ọmọ Júù tó kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ nígbà tí ẹ fara pamọ́ fún Hitler, ni gbogbo ayé ń pè yín. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ àkọ́bí la fi ń pe òbí, ẹ jẹ́ kí n máa pè yín ní Bàbá Margot.

Inú ló ń bí mi. Àwọn èèyàn ṣì ń béèrè pé kí ló dé tí àwọn Júù kò tètè sá fún Hitler. Ẹ sá o! Lọ́dún 1933 tó gorí àlééfà náà lẹ kó kúrò ní Frankfurt, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jagun fún Jámánì rí, ẹ lọ ń ṣòwò ní Amsterdam, ní Netherlands. Ní 1938 ẹ tọrọ físà Amẹ́ríkà ní Rotterdam. Èèyàn 27,370 péré ni Amẹ́ríkà ń gbà lọ́dún nínú àwọn tí wọ́n bí ní Jámánì àti Austria. Àwọn tó ń dúró ti lé ní 300,000 nígbà tó fi di 1939. Lóṣù Karùn-ún 1940, Jámánì gbógun wọ Netherlands, ó ju bọ́ǹbù sí Rotterdam, ìwé yín jóná. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí Nathan Straus, ọ̀rẹ́ yín láti yunifásítì Heidelberg, lóṣù Kẹrin 1941 ló ká mi lára jù. Owó ìdúró 5,000 dọ́là tí ẹ máa fi gba físà lẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ẹ ní nítorí àwọn ọmọ ni, pé ti ẹ̀yin àgbà kò tó nǹkan. Ẹ wo bí àgbàlagbà ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀! Straus gbà, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, náà gbà láti dúró fún yín. Àfi bí wọ́n ṣe ti ọ́fíìsì físà Amẹ́ríkà pa lóṣù Keje. Kí ẹ tó lè rí aṣojú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde ní Netherlands; kí ẹ sì tó lè jáde, ẹ gbọ́dọ̀ ní físà.

Ẹ yíjú sí Cuba. Físà ẹnì kan ṣoṣo, tiyín, jáde lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá. Lọ́jọ́ 11, Jámánì kéde ogun sí Amẹ́ríkà, wọ́n fagi lé e.

Ìwé tó wá dé sílé yín lóṣù Keje 1942, Margot ni àwọn Jámánì kọ ọ́ sí: kó wá lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Ọmọ ọdún 16. Lọ́jọ́ kejì ẹ fara pamọ́. Nínú ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ̀yin nìkan lẹ padà wálé láti àgọ́ ìfìyàjẹni Hitler.

Straus kì í ṣe èèyàn kékeré. Ẹbí rẹ̀ ló ni Macy's, ilé ìtajà ńlá ní New York, òun fúnra rẹ̀ sì di ipò mú nínú ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀ kò ṣeé ṣe. Bàbá Margot, ẹni tó wà lẹ́yìn yín lórí ìlà ní Rotterdam, tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní New York, ta ni tiẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí?