Ìgò Kan, Èèyàn Mẹ́wàá

Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
6 Oṣù Kejì, 2022.

Mùjídátù mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù Manchester kò tíì dẹwọ́. Níbí, ọyẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, ooru ti gba ipò. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, mi ò sì fẹ́ kí nẹ́tíwọ̀kì gé e jẹ. Màmá gba abẹ́rẹ́ Kòrónà kejì ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ojú mi ló ṣe. Mo ti ya káàdì wọn ní fọ́tò, wàá ti rí i kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Mùjí, ọ̀rọ̀ tí o sọ sí Màmá lórí fóònù ní Oṣù Kẹwàá tó kọjá dùn wọ́n dé ọkàn. O ní agídí wọn ló máa pa wọ́n. O ní ò ń tọ́jú arúgbó òyìnbó níbi iṣẹ́, o sì rí bí àrùn yẹn ṣe ń kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá tó bí ọ wá jókòó sí Ẹ̀pẹ́, kò jẹ́ kí wọ́n gún òun. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Màmá gbé fóònù kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń yí ẹja lórí ààrò. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní kí n má dá sí i, pé ọmọ àwọn ni, kò sí ohun tó sọ tó pọ̀ jù. Èmi ló pọ̀ jù fún. Màmá ò kọ abẹ́rẹ́ rí.

Ṣé o rántí àpá roboto tó wà ní apá òsì wọn, èyí tá a máa ń fi ìka tọ́ nígbà tá a wà ní kékeré? Abẹ́rẹ́ ìgbóná, àrùn Ṣọ̀pọ̀ná, ni. Wọ́n ní àwọn ò tíì bàlágà nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé irin kan tó dà bí ìbọn wọ ìlú, tí ọmọdé àtàgbà tò sórí ìlà, tí wọ́n ń fi irin náà kan èèyàn lápá níkọ̀ọ̀kan. Bàbá wọn ló fà wọ́n lọ́wọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti bá ìgbóná lọ kí irin yẹn tó dé, wọn ò sì jẹ́ kí ará ilé sunkún rẹ̀, nítorí pé a kì í sunkún ẹni tí Olóde bá mú lọ. Ní 1970 ni wọ́n rí ìgbóná gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Màmá mọ ohun tó lé e lọ. Ẹni tó ní irú àpá yẹn lápá, tó sì ní irú òkú yẹn lọ́kàn, ṣé òun ni yóò máa sá fún abẹ́rẹ́?

Lọ́dọ̀ yín, 8 Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn àgbàlagbà. Ìwọ alára gba tìrẹ kí ọdún tuntun tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀. Tiwa, 2 Oṣù Kẹta 2021 ni ọkọ̀ òfuurufú tó gbé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújà, AstraZeneca tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, tí COVAX, ètò tó ń pín abẹ́rẹ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè, fi ránṣẹ́, bíi mílíọ̀nù 3.94. Àwa tá a lé ní igba mílíọ̀nù! Ọjọ́ karùn-ún oṣù náà ni wọ́n gún dókítà àkọ́kọ́ ní Àbújà. Màmá gbọ́ ọ lórí rédíò ní ìsọ̀ wọn ní Ọjà Olúwo, wọ́n sì pè mí lójú ẹsẹ̀: "Sìkírá, ìgbà wo ló máa kàn wá?" Ọjọ́ kejìlá ni Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Yaba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló kọ́kọ́ kàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Inú Ààwẹ̀ ni a kọ́kọ́ lọ. Màmá ti bi Ààfáà bóyá abẹ́rẹ́ máa ba ààwẹ̀ jẹ́, Ààfáà ní kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe omi, kí wọ́n lọ gbà á. Ọ̀kadà méjì gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan, tí mi ò ní dárúkọ. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kí wa dáadáa, ó ṣí kúlà rẹ̀, ó fi ìgò kékeré kan hàn wá láàárín yìnyín. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Ìgò kan, èèyàn mẹ́wàá ni. Tí mo bá ti ṣí i, wákàtí mẹ́fà ló ní. Tẹ́ ò bá pé, màá da ìyókù nù, èmi ni wọ́n á sì bi." A jókòó títí tí wọ́n fi pe ìrun Àílà. A di márùn-ún. Ó ní ká padà wá lọ́la.

Màmá padà lọ lọ́jọ́ kejì láìsọ fún mi. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n bá ara wọn níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ nínú àwọn tàná. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo sì ti rò ó lórí ibùsùn lóru pọ̀. Márùn-ún wá lónìí, mẹ́rin wá lọ́la, mẹ́fà wá lọ́túnla. Ká ní wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kálukú sílẹ̀, kí wọ́n pè wá fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ìgò á ṣí, á sì kún. Kálukú lọ sílé rẹ̀, wọ́n sì ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn èèyàn ò jáde.

Ṣé o rántí àwọn tó ń fún ọmọ ní ẹ̀kán omi rọpárọsẹ̀ lẹ́nu? Wọn kì í dúró dè wá. Ojúlé dé ojúlé ni, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn, wọ́n á fi yíǹkì kun èékánná ọmọ, tí o bá fi ọmọ pamọ́, wọ́n á tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é títí tí wọ́n fi kéde ní Oṣù Kẹjọ 2020 pé irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio ti tán nílẹ̀ Áfíríkà. A mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àwa ò mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀, a tún lọ. Ìgbà yìí, wọ́n ní àwọn ti dá abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dúró, pé àrùn náà ti gbóná mọ́ àwọn ará Íńdíà tó ń ṣe é, wọn ò sì tà á síta mọ́. Èyí tó kù nílẹ̀, ti àwọn tó ti gba ẹyọ kan ni, kí wọ́n lè rí ìkejì gbà. Mi ò bá wọn jà. Ó yé mi, ó sì yé Màmá. Àmọ́ wò ó bí ó ṣe rí lọ́jà: obìnrin tí gbogbo ìsọ̀ mọ̀ pé ó lọ gba abẹ́rẹ́, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àsìkò yẹn gan-an ni fídíò irin òòfà tó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lápá ń kiri, pẹ̀lú ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ara, àti ti ẹni tó bá gbà á tí kò ní lò ju ọdún méjì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun máa ń sọ pé àhesọ ló dá wa dúró. Mi ò ní sọ pé kò dá ẹnì kankan dúró. Àmọ́ ibi tó ṣófo ni àhesọ ń rí jókòó sí. Tí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé sí Màmá lápá nínú Ààwẹ̀, àpẹẹrẹ wọn ì bá ti mú ogún èèyàn dání kí fídíò yẹn tó dé.

Má sì gbàgbé oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà. Nígbà kónílé-ó-gbélé, ebi lu wá. Oṣù Kẹwàá 2020 la wá rí i lórí fóònù bí àwọn èèyàn ṣe ń já ilé ìkẹ́rùsí, tí ìrẹsì àti indomie kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Ẹni tó rí ìyẹn, tí o bá sọ fún un pé ìjọba ń fún un ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ó máa wò ọ́ lójú.

Abẹ́rẹ́ Moderna dé láti Amẹ́ríkà ní Oṣù Kẹjọ 2021, mílíọ̀nù mẹ́rin. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti dé ibẹ̀, èrò sì ti wà ńlẹ̀, àwọn tó ń rìnrìn àjò wá láti Lẹkí àti Ajah nítorí pé wọ́n gbọ́ pé tiwa ò ní èrò. Wọ́n ní kí kálukú kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni ti Màmá. Tèmi ni mo fi ṣe é, nẹ́tíwọ̀kì ń yí, ó ń yí, ìgbà tí nọ́ńbà fi jáde, àwọn tí wọ́n máa gún lọ́jọ́ náà ti pé. Bí a ṣe ń jáde, ọmọkùnrin kan rọra sún mọ́ wa, ó ní òun lè bá wa wá káàdì láìgba abẹ́rẹ́, ká wá nǹkan fún òun. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé káàdì ni Kòrónà máa bèèrè lọ́wọ́ mi?"

Oṣù Kẹwàá ni o pè. Ó yé ọ báyìí?

Ohun tí Màmá ṣe lẹ́yìn ìpè rẹ, mi ò rò pé mo lè gbàgbé ẹ̀. Ní Ọjọ́rú kan ní ìparí Oṣù Kọkànlá, a gbọ́ pé AstraZeneca ti tún dé, àti pé wọ́n ti ń gbé e kiri mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, wọn ò ṣáà tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Màmá pa iná ààrò, wọ́n ró ìró wọn le, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìsọ̀ bọ́ sí ìsọ̀. Wọ́n mú ẹlẹ́ja tútù méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Wọ́n mú ẹni tó ń bá wọn la ẹja. Wọ́n mú Ìyá ẹlẹ́ran ìgbẹ́, tó ti ń búra látọjọ́ yìí pé òun ò gbà, wọ́n ní, "Tẹ̀ lé mi lọ wòran ni." Wọ́n mú bàbá kan tó ń tukọ̀ wá láti òdìkejì ọ̀sà, pẹ̀lú èèyàn méjì mìíràn. Wọ́n ń ka gbogbo wọn sórí ìka bí ẹni ń ka ẹja fún oníbàárà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mẹ́sàn-án la jẹ́ tá a dé ilé ìwòsàn, èmi náà wà ńbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọjọ́ kìíní yẹn kan náà ni. Kó tó la ẹnu, Màmá yíjú sí ọlọ́kadà tó gbé wọn wá, wọ́n ní, "Ìwọ náà, pa ọ̀kadà ẹ, wá jókòó." Ó sì jókòó. Mùjí, nọ́ọ̀sì yẹn kúnlẹ̀ kí Màmá.

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gún. Wọ́n ní kí àwọn yòókù wo àwọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ná. Gbogbo wọn yí wọn ká, wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Nígbà tí ó pé, Ìyá ẹlẹ́ran ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè. Ara Màmá gbóná lóru ọjọ́ náà, wọ́n lo Panadol, ilẹ̀ mọ́, ó lọ.

Ní 22 Oṣù Kejìlá, èmi àti Màmá jọ ń wo ìròyìn nígbà tí wọ́n fi katakata hàn níbi ààtàn kan ní Àbújà, tó ń tẹ páálí àjẹsára mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó tó èèyàn 1,066,214 gún lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ní ó ti kọjá ọjọ́ lílò. Ìjọba ní ó kù bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó bàjẹ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè olówó tó ta wá lọ́rẹ, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n fi pamọ́ sọ́dọ̀ títí wọn ò fi nílò ẹ̀ mọ́. Màmá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Sìkírá, ìgò mélòó nìyẹn?" Mo pín in sí mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí fóònù: ó lé ní 106,000. Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún nídìí kẹ́tù. Wọn kì í sunkún, o mọ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, méje nínú àwọn mẹ́wàá padà lọ gba ìkejì. Ìgbà yìí, nọ́ọ̀sì ò kà wá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni ó ti ń ṣí ìgò.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Lẹ́yìn ìrun Àíṣáì ni kí o pè, wọ́n á ti jẹun tán. Má fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Béèrè ẹja lọ́wọ́ wọn. Àrọ̀ yíyan tí wọ́n fẹ́ fi rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀ ti wà nínú páálí látàná, orúkọ rẹ ni wọ́n ní kí n kọ sí i lára.

Nígbà tí mo sọ pé mò ń kọ̀wé sí ọ, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n bá wọn bi ọ́: ṣé ẹ̀yin náà máa ń dúró de ara yín lọ́hùn-ún kí wọ́n tó ṣí ìgò? Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún wọn. Dá wọn lóhùn fúnra rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Sìkírátù.