Ẹ má sọ pé kí ọmọbìnrin pa máìkì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ìmọ̀ràn pé kí ọmọbìnrin pa máìkì rẹ̀ nídìí ìdíje géèmù, kí wọ́n má baà bú u, kò wúlò. Ẹni márùn-ún ló ń gbá Valorant, géèmù ìbọn yíyìn, lẹ́gbẹ́ kan. Ẹni tí kò lè kéde ibi tí ọ̀tá ń gbà bọ̀ ti ṣàkóbá fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń bú u ni kó dí, ti onítọ̀hún nìkan. Àmọ́ kó ti kọ́kọ́ gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀ tohùn-tohùn kó tó fẹjọ́ sùn, torí fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà kì í sọ̀rọ̀.

Nínú ohun tí wọ́n ń fojú ọmọbìnrin rí nídìí géèmù, ẹ̀sùn òjóró ló burú jù. Ní 2016, wọ́n ní Geguri, ọmọbìnrin ará Kòríà tó ń gbá Overwatch, géèmù ìbọn mìíràn, ń ṣe òjóró, kìkì nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ tàsé. Àfìgbà tó gbá a níwájú kámẹ́rà, tí wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí máòsì, kí wọ́n tó gbà pé kì í ṣe òjóró! Ní 2018, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Overwatch League, líìgì àwọn tó ń fi géèmù náà ṣiṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀yin olùṣètò ìdíje, bí ẹ bá máa fi kámẹ́rà ṣọ́ ọwọ́, ọwọ́ gbogbo àwọn tó ń díje ni kẹ́ ẹ ṣọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin.