Sí Àjíkẹ́: Àwọn Akọ̀ròyìn Ti Tún Ń Wá Wa

Àjíkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tí wọn kò ní dá ohùn mi mọ̀ mọ́ bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Àárò rẹ ń sọ mí gidigidi, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ tí n kò rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún tí kò ní kọ́kọ́ ní kí n ṣàlàyé ohun tí punk, orin gìtá aláriwo wa yẹn, jẹ́. Orúnkún mi ti sàn, mo ti kó kúrò nínú ilé tí òjò ń rọ̀ sí, onílù wa ti gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ariwo. Ó tó báyìí nípa ti ilé.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan fẹ́ ṣe ètò nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin punk, àti àwọn àgbà bíi tèmi tí aráyé gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Olóòtú ètò náà, obìnrin tó gbọ́n tó sì lọ́yàyà, wá bá wa níbi tí a ti ń ṣe ìdánrawò, mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá a máa ń jà níbi eré. Ó béèrè nípa oògùn olóró. Ó béèrè bóyá àwọn òbí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wá pé kí àwọn ọ̀dọ́ náà gbé irun wọn dúró ṣánṣán lọ́jọ́ tí wọn yóò ya àwòrán, kí wọ́n sì wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó ní ìṣó lára, nítorí pé bí wọ́n ṣe wà yẹn, àwọn òǹwòran kò ní mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọmọbìnrin tó ń ta gìtá béèsì fún wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju ti gbogbo wọn lọ, ti ibi iṣẹ́ wá pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Olóòtú náà wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Títí tí wọ́n fi lọ, kò sí ẹni tó ní ká kọ orin kan fún òun gbọ́.

Nígbàkigbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1976 ni ọkàn mi máa ń lọ, o sì mọ̀ pé kì í rẹ̀ mí láti sọ ọ́. Ẹgbẹ́ akọrin Queen ló yẹ kó lọ sórí ètò tí Bill Grundy ń darí ní tẹlifíṣọ̀n Thames ní London ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò lè wá mọ́, ni EMI, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, bá fi ẹgbẹ́ punk Sex Pistols rọ́pò wọn. Grundy fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó bá Siouxsie, ọ̀kan lára àwọn olólùfẹ́ wọn tó dúró lẹ́yìn wọn, sọ irú ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà kì í bá ọmọbìnrin sọ ní gbangba, lẹ́yìn náà ni ó wá ń tì wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó burú ju èyí tí wọ́n ti sọ lọ. Steve Jones, atagìtá wọn, sì ṣe bí ó ti wí. Agbègbè London nìkan ni ètò náà dé, nítorí náà àwọn tó fi etí ara wọn gbọ́ èébú yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kà nípa rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìwé ìròyìn Daily Mirror fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ròyìn awakọ̀ akẹ́rù kan tí inú bí débi pé ó fi ẹsẹ̀ fọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín: ó ní ọwọ́ méjèèjì, bọ́tìnnì tí a fi ń pa tẹlifíṣọ̀n sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi dá Grundy dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní ti àwọn ọmọ tí ó tì, ìlú lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eré tí wọ́n ti pète fi já sófo, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kìíní ọdún 1977, EMI ti yọwọ́ lọ́rọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n wo bí ọjà yẹn ṣe ń tà, Àjíkẹ́. Ìbẹ̀rù tí ìwé ìròyìn ń gbìn ló ń bá wọn ta ìwé, òun náà ló ń bá ẹgbẹ́ akọrin náà ta àwo. Orin tí Sex Pistols gbé jáde lórí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1977, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ń ṣayẹyẹ ọdún 25 rẹ̀ lórí ìtẹ́, BBC kò gbà kí a gbọ́ ọ lórí rédíò wọn, síbẹ̀ ó gun àtẹ àwo tó ń tà jù dé ipò kejì. Nínú ìwé Stanley Cohen, onímọ̀ nípa àwùjọ, tí o yá mi, tí n kò sì ní í dá padà, ó ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1972, kí ẹnikẹ́ni tó fi píìnì há aṣọ lára: àwọn Mods àti Rockers, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ méjì tó kọlu ara wọn ní ìlú Clacton ní England ní ọdún 1964, ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ó sì fi hàn pé bí ìwé ìròyìn ṣe ń sọ ìjà kékeré di ogun ni àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń mọ irú ipa tí a ń retí pé kí wọ́n kó, tí àwọn ọlọ́pàá àti adájọ́ náà sì ń mọ irú ojú tí wọn yóò fi wò wọ́n.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ohun tí kámẹ́rà kò yà. Nínú ilé ìjó Roxy ní London, níbi tí àwọn oní-punk ń kóra jọ sí, Don Letts ló ń fi àwo sí i, orin rẹ́gè sì ni ó ń lò fún wọn, nítorí pé àwo punk kò tí ì pọ̀ tó láti kún òru kan. Poly Styrene, ọmọbìnrin akọrin punk tí bàbá rẹ̀ wá láti Sòmálíà, ń kọrin pẹ̀lú wáyà lára eyín rẹ̀, ó sì ń fi ọjà àti ìpolówó ọjà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin tó ń kọ ìròyìn ṣì ń ka iye ihò tó wà lára aṣọ. (Mo gbàgbọ́ pé ìyá rẹ ṣì ní èyí tó kù nínú àwòrán rẹ̀ tí ó fà ya lára ògiri.) Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1978, òun, ẹgbẹ́ The Clash àti ẹgbẹ́ Steel Pulse kọrin ní ọgbà Victoria Park ní London fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó jáde láti tako ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Bí o bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí tẹlifíṣọ̀n nìkan ló kọ́ ní punk, èébú àti itọ́ ni yóò sọ fún ọ. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹgbẹ́ punk Minor Threat ti ń kọrin ní ọdún 1981 pé àwọn kò ní mu ọtí, àwọn kò sì ní fa sìgá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé eré oníṣe kan jáde nínú eré àtìgbàdégbà Quincy lórí tẹlifíṣọ̀n NBC, níbi tí dókítà àyẹ̀wò òkú ti ń kìlọ̀ fáráyé pé orin punk ń ba ọmọ jẹ́ dójú ikú.

Jẹ́ kí n pa ọ́ lẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ọkàn rẹ tó rẹ̀wẹ̀sì. Mo sọ ìtàn Megan Jasper fún àwọn ọmọ wa, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí tí béèsì fi jábọ́. O rántí pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992, nígbà tí gbogbo ayé ń wá grunge, irú orin rọ́ọ̀kì tó ti ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà jáde, kiri, ìwé ìròyìn New York Times ń wá èdè ìkọ̀kọ̀ tí àwọn ọmọ Seattle ń sọ. Jasper, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí àwo orin ní Seattle, kàn ń hun ọ̀rọ̀ jáde láti inú ara rẹ̀ ni, ó ní “wack slacks” ni ṣòkòtò jíǹsì tó ti ya ń jẹ́, wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá ti fẹ́ kí ẹnìkan jẹ́ àjèjì, ẹ ó gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́.

Ẹ̀rín ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì yẹn ni ó kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Ó ní àwọn aláìsàn kan ti rí àwọ̀ irun rẹ̀ lábẹ́ fìlà, wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn wá gún àwọn lábẹ́rẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ètò yìí yóò mú kí ó dín kù tàbí kí ó pọ̀ sí i. N kò rí èsì fún un, nítorí pé Sophie Lancaster ni mo ń rò. Ọmọ 20 ọdún ni. Òun àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ gba inú ọgbà ìgbafẹ́ kan kọjá ní Bacup, ní Lancashire ní England, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, àwọn méjèèjì múra bíi goth, ìyẹn àwọn tó máa ń wọ dúdú nítorí irú orin tí wọ́n fẹ́ràn, àwọn ọmọkùnrin kan sì lù wọ́n títí. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ yè. Òun kò yè. Ọdún 2013 ni ọlọ́pàá Greater Manchester tó bẹ̀rẹ̀ sí ka irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwà ọ̀daràn tí ìkórìíra ń fà. N kò sọ pé akọ̀ròyìn ló gbé ẹsẹ̀ sókè láti ta á nípàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ilé ìwé méjì pa ènìyàn 13 lọ́jọ́ kan ní ilé ìwé Columbine, ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ń sọ lórí afẹ́fẹ́ pé goth ni wọ́n, pé orin Marilyn Manson, akọrin rọ́ọ̀kì, ló gba orí wọn, irọ́ sì ni méjèèjì. Kí òtítọ́ tó dé, ọmọ tó wọ dúdú ti di afurasí ní ilé ìwé tó jìnnà sí Colorado.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ràn wa, irun náà ni wọ́n máa ń wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, àwọn ọlọ́pàá ní Banda Aceh, ní Indonesia, kó àwọn oní-punk tó lé ní 60 níbi eré kan, wọ́n fá orí wọn, wọ́n sì wẹ̀ wọ́n nínú adágún. Àwòrán orí fífá yẹn yí gbogbo ayé ká, pẹ̀lú ìkáàánú. Ìwọ̀nba ènìyàn ló kà á dé ibi tí wọ́n ti sọ pé torí àwọn ọmọ òrukàn ni wọ́n ṣe ń fi eré náà kówó jọ.

O lè ní kí n kàn sọ fún wọn pé a kò ṣe. Mo ti rò ó. Àwọn Riot Grrrl, àwọn obìnrin oní-punk ní Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1992, wọ́n ní àwọn kò bá akọ̀ròyìn ńlá sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa ìfipábánilòpọ̀, aṣọ wọn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ara ikùn ni yóò jáde nínú ìwé. N kò dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀ ìwé ìròyìn kò torí ìyẹn dákẹ́. Ìtàn náà ń lọ láìsí ohùn àwọn tó ni ín. Ìwé pélébé tiwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ẹ̀dà tẹ̀ ni ó gba ọ̀rọ̀ wọn là, gẹ́gẹ́ bí Mark Perry, akọ̀wé báńkì, ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1976, ṣáájú Grundy àti gbogbo ariwo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ń rò kí a tó sọ fún wọn ohun tó yẹ kí wọ́n rò, ibẹ̀ ni yóò wò.

Nítorí náà, mo ti sọ fún olóòtú náà pé mo gbà bí wọ́n bá jẹ́ kí orin kan jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tí wọn kò bá sì wọ ẹnikẹ́ni láṣọ. Ó ní òun yóò bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́. Ó wá béèrè bóyá mo ní àwòrán àtijọ́.

Àjíkẹ́, o mọ àwòrán tí mo ní. Èyí tí o fá ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, tí àárín rẹ̀ dúró pupa fòò bí ogbe àkùkọ, tí ẹnu rẹ ṣí débi pé a lè ka eyín inú. N kò tí ì fi hàn án. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé ni ọ́ báyìí, mo sì gbọ́ pé o ń dá ọmọ tó bá pa irun láró padà sílé (má jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe nígbà tí mo gbọ́ ọ). Bí o bá kọ̀, àwòrán náà kò ní kúrò nínú àpótí, n kò sì ní bínú. Bí o bá gbà, orúkọ wo ni kí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀: èyí tí àwọn òbí ọmọ ilé ìwé mọ̀, tàbí èyí tí a kọ sára kásẹ́ẹ̀tì?

Ohun kejì: àwọn ìwé pélébé tí a tẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ, nínú àpótí tí o kó lọ nígbà tí o ń rìnrìn-àjò. Ya àwòrán ojú ewé tí o kọ nípa ìdí tí a fi ń kọrin, kí o fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kà á jáde níwájú kámẹ́rà wọn gẹ́gẹ́ bí o ti kọ ọ́, àṣìkọ rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Jọ̀wọ́ fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, nítorí pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Èmi ni tìrẹ tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́