Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì dé ẹnu ọ̀sà Èkó

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé kálàmù. Ó ní ogun Hitler kò fọwọ́ kan ilẹ̀ Yorùbá, àfi àwọn ọmọ wa tí òyìnbó kó lọ sí Burma. Ǹ bá gbójú fò ó, bí kì í bá ṣe gbólóhùn tó fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ìtàn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó wá dẹ pàkúté sí ẹnu ọ̀sà Èkó, irọ́ àwọn arúgbó Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Arúgbó ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́. Ọkọ̀ náà ní nọ́mbà, ó ní ọ̀gá, ó ní ìgbà tó dé, ó sì ní ọkọ̀ tó rì nítorí rẹ̀.

U-69 ni nọ́mbà rẹ̀. Ìlú Kiel ni wọ́n ti kàn án, ní ilé-iṣẹ́ Germaniawerft, wọ́n sì fà á lé àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ́wọ́ ní oṣù Kọkànlá 1940. Òun ni àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní VIIC, irú èyí tí Jámánì kàn jù lọ nígbà ogun náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 67. Nínú irin tóóró yẹn ni ọkùnrin tó lé ní 40 ń jẹ, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń yàgbẹ́, fún oṣù méjì gbáko nígbà mìíràn. Ọ̀gá wọn ni Jost Metzler, ẹni tó ti wa ọkọ̀ ẹrù rí kó tó di jagunjagun.

Àmì tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Gbajúmọ̀ Jámánì kan wà, Günther Prien, ọ̀gá U-47, tó yọ́ wọ Scapa Flow, ibùdó ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ní 1939 tó rì Royal Oak, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, sínú èbúté òun alára. Nígbà tí Prien náà bá òkun lọ ní oṣù Kẹta 1941, wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gbé àwòrán akọ màlúù tó ń fín imú, èyí tó jẹ́ àmì tirẹ̀. Àwọn ti U-69 kò rí akọ màlúù yà. Abo màlúù tó ń rẹ́rìn-ín, tó wà lára páálí wàràkàṣì Faransé, ni wọ́n kùn síbẹ̀. Ohun tí wọ́n rán sí wa l'Ékòó nìyẹn.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún 1941 ni wọ́n ṣí kúrò ní Lorient, ní ilẹ̀ Faransé tí Jámánì ti gbà, wọ́n dojú kọ gúúsù. Yàtọ̀ sí tọ̀pídò, àdó tó ń sáré lábẹ́ omi lọ lu ọkọ̀, wọ́n kó oríṣi àdó olóró mìíràn dání, irú èyí tí wọ́n ń ti gba ihò tọ̀pídò jáde, tí yóò rì lọ sísàlẹ̀, tí yóò lúgọ sínú ẹrẹ̀ títí irin ìdí ọkọ̀ yóò fi kọjá lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa rí i láti òkè. Kò sì mọ ọkọ̀ ogun yàtọ̀ sí ọkọ̀ ẹja.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ìjọ̀ngbọ̀n ńlá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, lójú òkun tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Freetown, wọ́n dá ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan dúró, Robin Moor, tó ń ti New York lọ sí gúúsù Áfíríkà. Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun nígbà yẹn o. Èèyàn 46 ló wà nínú rẹ̀, ọmọdé kan wà láàárín wọn. Metzler ní kí gbogbo wọn bọ́ sínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá, ó sì rì Robin Moor. Lẹ́yìn náà ló fún wọn ní búrẹ́dì inú agolo àti bọ́tà, ó yí ẹ̀yìn padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wo irú àánú bẹ́ẹ̀: ẹ fún èèyàn ní bọ́tà láàárín òkun Atlantic, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìgbì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kó ọkọ̀ kékeré mẹ́ta, ó kó wọn lọ sí Cape Town. Ìkẹrin lé lójú òkun fún ọjọ́ 18 kí Osório, ọkọ̀ Brazil, tó rí i. Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n Ààrẹ Roosevelt gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ilé aṣòfin wọn ní oṣù Kẹfà, ó pe Jámánì ní arúfin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí Jámánì fi ọkọ̀ abẹ́ omi rì nínú ogun yẹn nìyẹn. Ọkọ̀ tó ṣe é, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Kí ló wá wá sí Èkó? Ìbéèrè tí òǹkàwé yín ì bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ń bá Jámánì àti Ítálì jà ní Íjíbítì nígbà náà, ọ̀nà Mẹditaréníà sì ti di ọ̀nà ikú. Wọ́n bá ń tú bàálù palẹ̀, wọ́n ń kó o sínú àpótí, ọkọ̀ ń gbé e wá sí Takoradi ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó papọ̀, tí wọ́n ń fò ó gba Èkó, Kánò àti Màídúgùrì lọ sí Khartoum, títí dé Kairo. Ẹni tó bá dí Takoradi àti Èkó pa ti di ọ̀fun ogun Íjíbítì mú. Kò gba pé kí ìbọn dún ní Marina.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún ni U-69 yọ́ dé. Ó dá àdó sí ẹnu ọ̀nà Takoradi, ó sì ṣe bákan náà lọ́dọ̀ tiwa. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà 1941, ọ̀kan nínú àwọn àdó yẹn bú lábẹ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Hughes, ó sì rì í lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó. Robert Hughes kì í ṣe ọkọ̀ ogun. Kò gbé ìbọn ránṣẹ́ síbì kankan. Dírẹ́jà ni, ọkọ̀ tó ń kó yanrìn kúrò nísàlẹ̀ omi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí iṣẹ́ dírẹ́jà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé Ọlọ́run ló gbẹ́ èbúté Èkó fún wa. Rárá o. Yanrìn ló ni ibẹ̀. Kí wọ́n tó to òkúta East Mole àti West Mole wọ inú òkun, ọkọ̀ ńlá kì í lè wọlé. Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké, kí ìyẹn tó gbé e wá fún wa. Lẹ́yìn tí wọ́n to òkúta tán pàápàá, bí dírẹ́jà kò bá máa kó yanrìn kúrò lójú ọ̀nà, yanrìn á padà wá jókòó sáyè rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ní ariwo, kò sì ní ìyìn. Ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, lórí omi kan náà, ẹ ó ki irin bọ ìsàlẹ̀ tí ojú yín kò rí, ẹ ó họ ọ́, ẹ ó gbé e sókè, ẹ ó lọ dà á nù. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń wọ Èkó, kò sí èyí tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà tó dírẹ́jà. Bí ẹnì kan bá wá ri àdó olóró sí ìsàlẹ̀ omi yẹn, ta ni yóò kọ́kọ́ bá a pàdé bí kò ṣe òun? Bósìn wa àtijọ́, olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí ọkọ̀, máa ń sọ ọ́ bí a bá ti ń súnmọ́ òkúta méjèèjì, pé dírẹ́jà kan ti fò sókè níhìn-ín nígbà ogun. Kò mọ orúkọ ọkọ̀ tó fa sábàbí rẹ̀. Ó kàn máa ń ṣí fìlà ni.

Lẹ́yìn tí U-69 rì àdó sọ́dọ̀ wa tán, kò tíì lọlé. Ó yọ́ sí Accra ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ó ta tọ̀pídò lu Sangara, ọkọ̀ Elder Dempster tó dúró síbùdókọ̀. Omi ibẹ̀ kò jìn, ìdí ọkọ̀ náà jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n padà yọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn àgbà tó bá mọ Elder Dempster ní Marina yóò mọ ohun tí ọkọ̀ wọn kan jẹ́ fún Èkó: iyọ̀ ni, aṣọ ni, lẹ́tà ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni.

Epo wá fẹ́ pa wọ́n. Ọkọ̀ epo tí Jámánì fi pamọ́ sójú òkun fún wọn, Egerland, Gẹ̀ẹ́sì ti rí i ní oṣù Kẹfà, ó ti bómi lọ. Ní òru ọjọ́ kan ni U-69 jí wọ Las Palmas, èbúté Sípéènì tó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó fa epo lára ọkọ̀ Jámánì kan tó so mọ́ ibẹ̀, ó sì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Sípéènì aláìbánijà, ẹ kú iṣẹ́ o! Bó ṣe ń padà lọ ní oṣù Keje ló pàdé Robert L. Holt, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ John Holt tí gbogbo wa mọ̀. Ìbọn orí ọkọ̀ ni ó fi rì í, kò lo tọ̀pídò. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yè nínú ọkọ̀ Holt.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìyókù. Àìsàn lé Metzler kúrò lórí ọkọ̀ lọ́dún yẹn kan náà, àwọn mìíràn gba ipò rẹ̀. Ulrich Gräf ló wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1942, nígbà tí U-69 ta tọ̀pídò lu Caribou, ọkọ̀ èrò tó ń gbé èèyàn láti Nova Scotia ní Kánádà lọ sí erékùṣù Newfoundland. Èèyàn tó lé ní 130 ló kú, obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn, ọ̀gá ọkọ̀ náà, Ben Taverner, kú pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọjọ́ 17 oṣù Kejì 1943, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì HMS Fame da àdó lé U-69 fúnra rẹ̀ lórí ní àríwá Atlantic. Gbogbo ẹni 46 tó wà nínú rẹ̀ ló bá a lọ. Mi ò jó, mi ò sì sunkún.

Ṣùgbọ́n Olóòtú, ẹ wo ohun tí àwọn ará Newfoundland ṣe. Wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ ní Port aux Basques fún àwọn tó bá Caribou lọ. Nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀ èrò tuntun fún ọ̀nà yẹn ní àwọn ọdún 1980, Caribou náà ni wọ́n sọ ọ́. Ọkọ̀ kan náà ló pa wọ́n tó pa tiwa. Tiwa ńkọ́? Mo ti rìn gbogbo Marina já, mo ti rìn dé Àpápá, mi ò rí pátákó kan tó dárúkọ Robert Hughes. Nígbà tí a bá sì ń ṣe àyájọ́ àwọn ọmọ ogun wa, Burma ni, Burma ni, bíi pé ẹni tó kú sínú omi níwájú ilé wa kò kú sójú ogun. Mi ò bu Burma kù. Àwọn tó jà níbẹ̀ tó ìyìn wọn. Ẹni tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìtàn arúgbó ni mò ń bá wí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò le. Ẹ fún wa ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín. Kí ìdílé tí bàbá tàbí bàbá àgbà wọn ṣiṣẹ́ ní Marine, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí èbúté, láyé ogun wo inú àpótí, kí wọ́n wá ìwé iṣẹ́ rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, tàbí ìwé owó tí ìjọba san fún opó rẹ̀ bó bá wà. Dírẹ́jà kì í ní ọ̀gá òyìnbó nìkan. Ó ní ẹni tó ń koná ẹ̀rọ, ó ní olùdáná, ó ní ọmọ tó ń fọ ilẹ̀. Kí wọ́n fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí òǹkàwé yín tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá bá sì fẹ́ bá mi jiyàn, kó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, èmi ni màá san owó ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé àwa méjèèjì dé ẹnu West Mole.

Òṣìṣẹ́ dírẹ́jà tó ti fẹ̀yìn tì,
Àpápá, Èkó.